Ọmọ Kìíní Kì í Fẹ́ Ọmọ Kẹta

Ọjọ́ tí Wasis kọ́kọ́ rí Palupi, irọ́ ló ń pa lọ́wọ́.

Irọ́ náà kì í ṣe èyí tó ń pa ènìyàn lára. Irọ́ afinimọ̀nà ni, irú èyí tí gbogbo àwọn tó ń mú àlejò káàkiri ìlú Jogja wa yìí, ní erékùṣù Jáfà, fi ń dá àlejò lára yá. Ó mú tọkọtaya òyìnbó kan wá sí Girisekar, abúlé tó wà lẹ́sẹ̀ òkè tí wọ́n ń sin àwọn ọba wa sí, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi ìda gbígbóná ya àwòrán sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ó dúró lẹ́yìn ọmọbìnrin kan tó tẹrí ba sórí iṣẹ́, ó wá ń fi èdè òyìnbó ṣàlàyé pé ojú àlá ni ọba ayé àtijọ́ kan ti rí àwòrán náà, pé wúńdíá nìkan ló gbọ́dọ̀ yà á.

Ọmọbìnrin yẹn ò gbójú sókè. Ó fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ṣíbí kékeré tó fi ń da ìda, ó fa ìlà tó ń fà lọ títí ó fi parí. Ìgbà tí àwọn òyìnbó kọjú sí òkè láti ya fọ́tò ló tó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní èdè wa, ó sì pè é ní Mas, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin.

"Mas, ọba wo ló lá àlá yẹn? Ìyá mi ló ya àwòrán yìí lóṣù tó kọjá, nígbà tí eyín ń dùn ún tí kò jẹ́ kó sùn."

Wasis wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí. Àṣé ẹ gbọ́ òyìnbó?"

"Díẹ̀díẹ̀. Èyí tí irọ́ wà nínú rẹ̀ ló máa ń yé mi jù."

Pak Jumeno, bàbá tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gbé àlejò láti ojú títì wọ abúlé, rẹ́rìn-ín títí ẹṣin rẹ̀ fi gbé etí sókè. Láti ọjọ́ náà lọ, ìtàn eyín ni Wasis ń sọ fún àlejò. Wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ọba lọ.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ Wasis àti Palupi fi hàn sí gbogbo ayé. Àlejò tó ní etíkun lòun ń lọ, Girisekar ló ń bá ara rẹ̀. Èyí tó fẹ́ wo òkè oníná, Girisekar. Pak Jumeno á fara ti ẹṣin rẹ̀, á máa fi Wasis ṣe yẹ̀yẹ́.

"Wasis, ìyá àgbàlagbà yẹn ti ń béèrè òkun lọ́wọ́ mi láti àárọ̀. Ṣé kí n sọ fún un pé inú ìkòkò aró ló wà?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n gbọ́rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo? Ẹ̀yin méjèèjì ò sọ nǹkan kan. Aṣọ lẹ jókòó tí ẹ ń wò bí ẹni pé aṣọ ló fẹ́ sọ ọ́ fún yín."

Àbíkẹ́yìn ni Palupi fún Bu Ngatirah, opó kan tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká nínú iṣẹ́ àdìrẹ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì ti lọ ṣiṣẹ́ oko ọ̀pẹ ní erékùṣù Kalimantan, wọn kì í sì í sáábà wálé. Ìyá àti ọmọ ló kù nínú ilé bíríkì tí bàbá wọn kọ́ kó tó kú. Ní ìdájí, Palupi ló máa ń jí dáná ìda. Ìyá rẹ̀ á kírun, á tún padà sùn díẹ̀, nítorí ojú tó fi ń ya àwòrán láti kékeré ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ kan, Wasis bi Palupi bóyá ó mọ Jogja dáadáa.

"Mo mọ ẹ̀yìn ọjà tí mo ti ń gbé aṣọ sílẹ̀, mo sì mọ ibùdókọ̀. Ó tán."

"Èèyàn ń fi ọkọ̀ òfuurufú sọdá òkun wá wo ìlú tí bọ́ọ̀sì kan péré lè gbé ọ dé, ìwọ ò wá wò ó?"

"Àwọn wọ̀nyẹn ní afinimọ̀nà."

"Ìwọ náà ti ní."

Bu Ngatirah gbà kó lọ, ṣùgbọ́n ó ní Mbah Rubi gbọ́dọ̀ bá wọn rìn. Ìyá arúgbó tí kò bímọ rárá ni Mbah Rubi, ògiri kan ló wà láàrin ilé tirẹ̀ àti tiwọn. Bàyìí ni àwọn mẹ́ta ṣe wọ ìlú, tí Mbah Rubi wọ bàtà tuntun tó ń ta á lẹ́sẹ̀, tó sì ń ṣàròyé láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán.

Wasis mú wọn gba Malioboro kọjá, níbi tí èrò ti ń fi èjìká lu èjìká, tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń pariwo "Ẹ gòkè, ẹ gòkè!" sí wọn létí. Ó mú wọn wọ àgbàlá ààfin, níbi tí àwọn ìránṣẹ́ ọba tó ti darúgbó jókòó lórí ilẹ̀ láìwọ bàtà, tí idà wà nínú àmùrè lẹ́yìn wọn, tí oorun àárọ̀ sì ń kùn wọ́n lójú. Ó ra gudeg, oúnjẹ tí Jogja fi lókìkí, fún wọn, Mbah Rubi tọ́ ọ wò, ó ní èyí tí wọ́n ń sè lábúlé dùn jù ú lọ, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n dé pápá tó wà lẹ́yìn ààfin, níbi tí igi òdán ńlá méjì dúró sí. Ẹ mọ àṣà wa níbẹ̀: wọ́n á di ẹni lójú, ẹni náà á wí ohun tó ń fẹ́ nínú ọkàn rẹ̀, á wá rìn gba àárín igi méjèèjì kọjá. Ẹni tó bá yà, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ò gbà nìyẹn. Wasis tó ń fi ayé mọ̀nà yà bàrá, ó fẹ́ẹ̀ kọ lu ẹlẹ́ran sísun. Palupi ní tirẹ̀ rìn gba àárín kọjá láìyẹ̀, àwọn tó ń wòran sì pàtẹ́wọ́ fún un.

"Kí lo tọrọ?"

"Wọ́n ní a kì í sọ ọ́."

Wọ́n jókòó sórí koríko. Mbah Rubi ti bọ́ bàtà, ó ti sùn lọ. Palupi ń tú aṣọ tí wọ́n fi dì í lójú, ó ká a, ó tún tú u.

"Mas Wasis, ọmọ kelòó ni yín nínú ilé yín?"

Ó rò pé ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ni. "Àkọ́bí ni mí. Kí ló dé?"

Àwọn ọmọdé ń fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹ̀rín wọn pọ̀.

"Ọmọ kẹta ni mí," ló wí.

Kò sí ọmọ Jáfà tí kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ kìíní kì í fẹ́ ọmọ kẹta. Bí wọ́n bá fẹ́ra, àwọn àgbà ní ọ̀kan nínú àwọn òbí kò ní rí ọmọ-ọmọ tí wọ́n bá bí.

*

Nígbà tí Wasis sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí ẹni tóun máa fẹ́, ìyá náà ò béèrè orúkọ, kò béèrè iṣẹ́.

"Ọmọ kelòó ni?"

"Ọmọ rere ni, Ìyá."

"Mo ní ọmọ kelòó?"

"Ìkẹta."

Bu Sudarni gbé ọ̀bẹ tó fi ń gé àlùbọ́sà sílẹ̀. "Kò lè wọ ilé yìí."

Kì í ṣe obìnrin burúkú. Àwa tí a jọ ń gbé àdúgbò mọ̀ ọ́n. Bí aládùúgbò bá ṣàìsàn, òun ló máa kọ́kọ́ gbé ọbẹ̀ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí í ṣe àkọ́bí, ti fẹ́ ọmọ kẹta rí. Òdòdó tí wọ́n so sẹ́nu ọ̀nà ìgbéyàwó ò tíì gbẹ tí bàbá wọn fi ṣubú ní balùwẹ̀, tí kò sì dìde mọ́. Sudarni ṣì kéré nígbà náà. Òun ló ṣílẹ̀kùn bá a.

"Mo ti bi ìmáàmù," ni Wasis wí. "Ó ní kò sí irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sìn wa."

"Ìmáàmù ò bá mi ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ yẹn."

Pak Kasmadi, bàbá Wasis, tí àìsàn ọkàn ti ń bá fínra ọjọ́ pẹ́, fọwọ́ gbá orí ìjókòó rẹ̀. "Ìyá Wasis, ọkàn mi ti ń ṣe gúlegúle kí ọmọ yẹn tó mọ ìrìn. Bí mo bá kú, ẹ má dì í ru ọmọ náà."

"Ẹ dákẹ́! Ẹnu yín yẹn!" Bu Sudarni bú sẹ́kún. "Ṣé o rí i, Wasis? Ṣé o rí ẹni tí mo fẹ́ pàdánù?"

Wasis ka ìwé, ó sì máa ń fi irú nǹkan báyìí rẹ́rìn-ín níwájú àlejò. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, bí bàbá rẹ̀ bá wúkọ́ ní yàrá kejì, á dá èémí tirẹ̀ dúró títí yóò fi gbọ́ pé bàbá náà tún mí. Ó bi ara rẹ̀ pé: bí nǹkan bá ṣe bàbá mi, ṣé màá lè wo ojú Palupi? Ó wá ṣe ohun tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń ṣe, kò lọ sí Girisekar mọ́.

Odidi àsìkò òjò kan ló fi gbé ara rẹ̀ pamọ́. Ó ń mú àlejò wo ààfin, ó ń sọ ìtàn ọba, ìtàn náà ò sì níyọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní Girisekar, ìlà tí Palupi ń fà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ìyá rẹ̀ rí i, kò bi í. Ó kàn ń gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, á fi omi gbígbóná yọ ìda kúrò, á tún un ṣe.

Pak Jumeno nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀ láàrin wọn.

"Ó ní kí n kí ọ," á wí fún Palupi.

"Kí ló tún wí?"

"Kò wí nǹkan mìíràn. Ó ti rù."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Mo ní ó ti rù, o ń bi mí bóyá ó ń jẹun! Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò ní fẹ́ra yín, ẹ ò ní fira yín sílẹ̀, èmi àti ẹṣin mi lẹ máa pa."

Ó dà bíi pé inú bí Pak Jumeno ní tòótọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ sọ́nà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ó wẹ̀, ó wọ fìlà, ó wá sílé Bu Sudarni bí alárinà gidi.

"Bu, mo ní ìbéèrè kan. Bí ọmọbìnrin yẹn bá jẹ́ àkọ́bí ẹlòmíràn ńkọ́?"

"Pak Jumeno, a kì í bí ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìyá kan lè da ọmọ nù, kí ẹlòmíràn he é. Ẹ mọ̀ pé àwọn bàbá wa máa ń ṣe é fún ọmọ tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá burú. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò bímọ rí. Bó bá he Palupi, àkọ́bí rẹ̀ ni. Ó tán."

Bu Sudarni ronú títí tíì tó gbé kalẹ̀ fún un fi tutù. Ó ní, "Bí ìyá rẹ̀ bá lè dà á nù tọkàntọkàn, tí kò sì ní pè é lọ́mọ mọ́ títí tí yóò fi bímọ fún wa, mo gbà."

Ìbéèrè tó le jù ló kù. Pak Jumeno jókòó sẹ́nu ọ̀nà Bu Ngatirah, ó sọ̀rọ̀ náà tán, kò lè wo obìnrin náà lójú.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ mi?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bu."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin ni yín."

Nígbà tí Palupi gbọ́, ó fárí gá. "Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n má lọ́kọ! Mi ò ṣe."

"Gbọ́ mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo ti ń tún aṣọ rẹ ṣe láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ojú mi ò gbé e mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lè yọ ọ́ kúrò ní inú tó gbé ọ?"

"Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kí ló dé tí ẹ fi ń sunkún?"

"Èéfín ìda ni."

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá, Palupi jókòó sórí ẹní ní ẹ̀gbẹ́ ààtàn, ní ìpẹ̀kun àgbàlá. Bu Ngatirah gbé ìgbálẹ̀, ó gbá ilẹ̀ yí i ká, ó gbá a bí ẹni gbá ewé. "Mo ti da èyí nù," ló wí. "Kì í ṣe tèmi mọ́." Ó yíjú, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Mbah Rubi gba ọ̀nà kejì yọ. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò wí. "Háà, ta ló da ohun tó dára tó báyìí nù? Mo ti he é. Tèmi ni." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tó fọwọ́ kan èjìká Palupi, ẹkún ló sun. Láti ọmọge ló ti ń wá ọmọ. Ó ti wá rí i, ọmọ ẹlẹ́kún sì ni.

Ilé Mbah Rubi ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n Palupi àgbà wálé láti Kalimantan láti fà á lé ọkọ lọ́wọ́, nítorí ìmáàmù ní lójú ẹ̀sìn, ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀. Mbah Rubi jókòó ní àga ìyá ìyàwó pẹ̀lú bàtà tó ń ta á lẹ́sẹ̀. Bu Ngatirah gbé apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì wá gẹ́gẹ́ bí àwọn aládùúgbò yòókù, ó jókòó sẹ́yìnkùlé láàrin àwọn tó ń gé ata. Nígbà tí àwọn alásè ní kó wá wo ìyàwó bó ṣe ń jáde, ó ní ọwọ́ òun kún fún ata. Ó wá yọjú níkẹyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Mbah Rubi," ló pariwo, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, "ọmọ yín mà lẹ́wà o!"

Palupi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bó bá gbójú sókè, ìlẹ̀kẹ̀ òdòdó tó wà lórí rẹ̀ á já.

Ó gbé ilé ọkọ rẹ̀ ní Jogja láti ìgbà náà, a sì rí i pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Bu Sudarni ń kọ́ ọ ní ọbẹ̀, Pak Kasmadi ń bá a tayò. Wasis á ti ibi iṣẹ́ dé, á máa sọ irọ́ tó pa fún àlejò lọ́jọ́ náà, Palupi á máa tún un ṣe fún un. A máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìta.

Palupi lọ sí Girisekar lẹ́yìn oṣù kan. Bu Ngatirah pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀," ni ìyá náà wí. "Ṣé àlàáfíà ni àwọn ará ilé yín wà?"

Palupi dúró gbọn-in. Ìyá tó bí i ló ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ yìí, bí a ti ń bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi ewé gbígbóná, wọ́n sọ̀rọ̀ aró àti òjò. Nígbà tó ń lọ, Bu Ngatirah di aṣọ tuntun kan lé e lọ́wọ́.

"Ọm..." ló bẹ̀rẹ̀. Ó wúkọ́. "Ọ̀nà jìn. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín."

Nínú bọ́ọ̀sì, Palupi ro ọ̀rọ̀ náà títí dé Jogja. Ó sọ fún Wasis pé, "Ẹ jẹ́ ká tètè bímọ, Mas. Mo fẹ́ gbọ́ kí ìyá mi pè mí lọ́mọ."

*

Ọdún náà, òkè Merapi ń rú èéfín. Ojú gbogbo wa wà ní àríwá níbi tí òkè oníná náà wà, wọ́n ti ń kó àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò. Kò sẹ́ni tó wo gúúsù.

Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan ni ilẹ̀ sẹ̀. Ẹni tí kò bá wà níbẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ fún un. Ilẹ̀ ń ké. Òrùlé ń já lulẹ̀, àwọn ènìyàn ń sá jáde pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi sùn. Wasis gbé bàbá rẹ̀ pọ̀n, ó sáré jáde, Palupi fa Bu Sudarni lọ́wọ́. Ògiri ilé wọn ya, ṣùgbọ́n gbogbo wọn yè. Pak Kasmadi jókòó sójú títì, ó fọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ó ṣì ń lù o."

Ariwo ta pé òkun ń bọ̀. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú gbà á gbọ́, wọ́n ń sá gba àríwá. Palupi nìkan ló kọjú sí gúúsù.

"Ìyá mi," ló ń wí. "Ìyá mi nìkan ló wà nílé."

Wasis gbé e sórí alùpùpù, wọ́n ń fi ipá la àárín èrò tó ń sá bọ̀ kọjá. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ Girisekar ni ilé tó dúró ń dín kù. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, kò sí abúlé mọ́, òkìtì bíríkì àti eruku ló kù. Mbah Rubi jókòó lábẹ́ igi, ẹ̀jẹ̀ wà ní iwájú orí rẹ̀. Ilé páànù àti ọparun ni tirẹ̀, ó wó, kò pa á. Ilé Bu Ngatirah ti wó tán. Orí ibùsùn ni wọ́n ti bá a, bó ṣe máa ń padà sùn lẹ́yìn ìrun.

Òkú pọ̀ lọ́jọ́ náà débi pé àwọn tó ń sìnkú ò lè dúró pẹ́ níbì kan. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Ta lọmọ rẹ̀ níbí?"

Àwọn aládùúgbò wo Mbah Rubi, Mbah Rubi wo Palupi.

"Èmi ni," ni Palupi wí. "Èmi ni ọmọ rẹ̀. Òun ló bí mi."

Ó sọ ọ́ léraléra, kódà nígbà tí wọ́n ti gbà, tí wọ́n ti gbé òkú lọ.

Kò bá Wasis padà sí Jogja. Ó ní ẹni tó he òun ti di aláìnílé, òun ò lè fi í sílẹ̀. Wọ́n ń gbé abẹ́ àgọ́ ọ̀rá. Wasis ń wá lójoojúmọ́, ó ń kó bíríkì, ó ń ru ọparun. Nígbà tí ó ti tún ilé kékeré kan kọ́ fún Mbah Rubi tán, ó ní, "Palupi, ó tó. Jẹ́ ká lọ sílé."

"Ká ní mo wà níbí lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá ti jí. Ǹ bá ti máa dáná. Ǹ bá pariwo pè é."

"Ká ní o wà níbí, ẹ̀yin méjèèjì là bá sin."

"Ẹ ò mọ̀, Mas. Èmi náà ò mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí."

"Èèyàn púpọ̀ ló kú lábúlé yìí. Ṣé gbogbo wọn ló fi àkọ́bí fún ọmọ kẹta?"

"Mo mọ̀." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ lé tirẹ̀, ó tún mú un kúrò. "Bí mo bá rí yín tí ẹ ń bọ̀ lójú ọ̀nà, inú mi máa ń dùn. Ẹ̀yìn náà ni mo tó ń rántí. Inú dídùn yẹn ni mi ò lè dárí ẹ̀ ji ara mi."

Wasis bẹ ìyá rẹ̀. Bu Sudarni ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà parí tó fi wọṣọ. Ó gbé oúnjẹ, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Girisekar, ó jókòó ti Palupi lórí ẹní.

"Ìyàwó mi, wá sílé. Bàbá ń béèrè ẹni tí yóò bá òun tayò."

Palupi gbójú sókè. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé ìgbéyàwó wa ló pa á?"

Ìdáhùn wà lórí ahọ́n Bu Sudarni. Gbogbo ohun tó ní láti wí ni "rárá". Ó la ẹnu. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kì í purọ́ ni, ojú ọmọ náà sì ń wo inú ojú rẹ̀ tààrà, ó sì rí bàbá ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ balùwẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ló wí níkẹyìn.

"Ẹ ṣé, Ìyá," ni Palupi wí. Ó bu omi fún un mu, ó sìn ín dé ojú ọ̀nà.

Nígbà tí Bu Sudarni délé tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, Wasis lu ògiri. "Lẹ́ẹ̀kan péré, Ìyá! Ẹ ò lè purọ́ lẹ́ẹ̀kan péré? Èmi tí mo ń fi irọ́ jẹun!"

"Ìwọ ló yẹ kí Palupi bi," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, ó ń sunkún. "Èmi ló bi."

*

Wasis ò jáwọ́ kíákíá. Òjò rọ̀, ó dá, òmíràn tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Pak Jumeno náà ń bẹ Palupi, ó ní ẹṣin òun ti mọ ọ̀nà náà sórí, kó má ṣe jẹ́ kó rìn ín lásán. Palupi á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó wá di ọjọ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Mas, ẹ tú mi sílẹ̀."

"Mi ò ní tú ọ."

"Àkọ́bí ni yín. Bàbá yín ò ní dúró títí láé, wọ́n fẹ́ rí ọmọ. Ọjọ́ tí mo bá bímọ ni ìyá mi ì bá pè mí ní ọmọ rẹ̀. Mi ò lè bí ọmọ náà, Mas. Mo ti gbìyànjú kí ọkàn mi gbà á, kò gbà."

"Ṣé o ò fẹ́ mi mọ́ ni?"

Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí aró ti pa láró. "Ẹ má bi mí ní ìyẹn. Ẹ mọ̀ ọ́n."

Wasis padà wá ní ọjọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú ìmáàmù. Ó jókòó níwájú rẹ̀ nínú ilé ọparun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, Mbah Rubi wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó sọ gbólóhùn ìkọ̀sílẹ̀ náà, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Ìmáàmù ní ìwé kóòtù á tẹ̀ lé e, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú fún àwọn méjèèjì, ó sì jáde.

Wasis fẹ́ dìde. Palupi ní, "Ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀." Ó wọ inú ilé ìdáná, ó gbé ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ ọlọ́bẹ̀ ẹ̀pà wá. Wasis jẹ ẹ́, ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, Palupi jókòó tì í. Palupi bu omi fún un, Wasis fọ ọwọ́.

"Ó dàbọ̀, Mas. Ẹ rọra wakọ̀, ojú ọ̀nà ń yọ̀."

"Ó dàbọ̀, Palupi."

Palupi dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìró alùpùpù náà fi kọjá ìpẹ̀kun abúlé. Ìgbà tí kò gbọ́ ọ mọ́ ló bú sẹ́kún. Ẹkún náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò fi sá jáde láti ilé kéékèèké wọn, àwọn tí wọ́n ti sunkún tiwọn tán, nítorí wọ́n rò pé ẹnìkan tún ti kú.

"Ta ló kú?" ni wọ́n ń béèrè.

"Kò sẹ́ni tó kú," ni Mbah Rubi dá wọn lóhùn. "Àwọn méjèèjì wà láàyè."

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó padà sílé nínú wọn. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀, bí a ti í ṣe fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.